Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi oúnjẹ Íńdíà tó fọwọ́ ara ẹ̀ sè dọ̀rẹ́ àwọn ará ilé ẹ̀

Tó o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé kan, ó máa ń pẹ́ káwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ibẹ̀ tó mọ̀ ẹ́. Ẹ ó pàdé lórí àtẹ̀gùn, ẹ ó kí ara yín, kálukú á wọlé ẹ̀, ó parí. O lè gbébẹ̀ títí wàá fi ṣe tán níléèwé kó o má mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lódìkejì ògiri ẹ, bẹ́ẹ̀ o ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ lóru. Oúnjẹ ló tètè máa ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí, tó bá sì jẹ́ èmi lo bi, oúnjẹ Íńdíà ni màá ní kó o sè. Ẹ̀wà pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀wà ò sì wọ́n bí ẹran. O tún lè sè é láìfi ẹran kankan sí i kó sì yó èèyàn dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní rò pé o ń ṣahun. Àwọn Híńdù tó pọ̀ kì í jẹ màlúù, Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn míì ò tiẹ̀ fẹ́ rí ẹran sójú, tó o bá ti gbé ẹ̀wà kaná o ti bọ́ nínú gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé chapati wà níbẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan lórí páànù, mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Mo fẹ́ kó o mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe bí oúnjẹ ṣe dùn tó ló ń sọ àlejò dọ̀rẹ́ o. Kí ìwọ tó o sè é ráyè jókòó, káwọn tó wá jẹ ẹ́ náà sì rí nǹkan fọwọ́ ṣe, òun ni. Oúnjẹ tó bá máa mú ẹ dúró tì í ní kíṣìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, báà ṣe aládùn bíi kí ni, má sè é lọ́jọ́ yẹn.

Bó o ṣe máa pè wọ́n

Èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún ti tó, ìwọ lo máa ṣìkẹfà. Ìkòkò akẹ́kọ̀ọ́ kì í tóbi, àga kì í tó, tí èrò bá sì ti pọ̀ jù wọ́n á pín sí méjì mẹ́ta, àwọn tó ti mọra wọn tẹ́lẹ̀ á kóra jọ síbì kan, nígbà tó jẹ́ pé torí àwọn tí kò mọra wọn gan-an lo ṣe dáná.

Lọ kanlẹ̀kùn fúnra ẹ. Má fi ti mẹ́sééjì ṣe, ó kéré tán ti àkọ́kọ́ yìí, torí mẹ́sééjì látọ̀dọ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀ máa ń dà bíi pé èèyàn fẹ́ ta nǹkan fún wọn. Lọ nírọ̀lẹ́, kì í ṣe àárọ̀ tí wọ́n ń sáré lọ síbi iṣẹ́, má sì dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Sọ nǹkan bí: “Ẹ káalẹ́ o. Èmi ni mò ń gbé yàrá òkè yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ se oúnjẹ Íńdíà lálẹ́ Sátidé, ó wù mí kẹ́ ẹ wá bá mi jẹ ẹ́, aago méje. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín lè dí o, tẹ́ ò bá ráyè kò burú rárá.” Àgbàlagbà ni o, tọkọtaya ni o, bó o ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ ni, o mọ bó o ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, kò dìgbà tí mo bá kọ́ ẹ. Ẹni tó ò bá bá nílé, kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, kọ orúkọ ẹ àti yàrá ẹ sí i, kó o sì tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn.

Kó o tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, bi wọ́n pé kí ni wọn ò kì í jẹ. Bó ṣe yẹ kó o bi wọ́n nìyẹn gẹ́lẹ́. Tó o bá ní “ṣé ẹ fẹ́ràn ata?”, ìtìjú á mú kí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n á wá máa sunkún nídìí tábìlì. Fetí sílẹ̀ dáadáa tẹ́nì kan bá ní kású tàbí ẹ̀pà kì í bá òun lára mu, torí ìyẹn kì í ṣọ̀rọ̀ pé ó wù ú tàbí kò wù ú, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ nǹkan kan tó tara ẹranko wá, kò ní jẹ yógọ́ọ̀tì, kò sì ní jẹ ghee, torí bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì yọ omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wàrà inú ẹ̀ kúrò ni ghee, òróró lásán ni kó o fi se gbogbo ẹ̀ tírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Tẹ́ni tó ń bọ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́sìn Jain, ìyẹn ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà kan, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ àlùbọ́sà, wọn kì í jẹ aáyù, wọn kì í sì í jẹ ohun tó ta sínú ilẹ̀ bí ọ̀dùnkún, o máa ní láti yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn, má fojú di í.

Àti pé yá nǹkan lọ́wọ́ wọn! Bó o bá tiẹ̀ ní àga tó pọ̀, yá àga kan. Yá pátákó tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun, yá ìkòkò ńlá. Ẹni tó bá yá ẹ ní ìkòkò ti lọ́wọ́ sí oúnjẹ yẹn kó tó dé, ó fẹ́ wá wo ohun tí wọ́n fi ìkòkò òun sè, bẹ́ẹ̀ lo tún ti ní ìdí tó o fi máa padà lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó o máa sè

Fi biryani sílẹ̀, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹran tàbí ẹ̀fọ́ àti èròjà. Mo mọ̀ pé òun lo rí lórí fóònù tó wù ẹ́, àmọ́ tó bá jóná nísàlẹ̀ ìkòkò kò sí àtúnṣe, o ò sì ní gbádùn ara ẹ títí wàá fi ṣí ìdérí. Naan náà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ míì, fi í sílẹ̀. Ààrò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tandoor ni wọ́n ti ń yan án, ààrò yẹn máa ń gbóná kọjá 400 Celsius, kò sí sítóòfù akẹ́kọ̀ọ́ tó máa débẹ̀.

Ohun tó o máa sè rèé: dal (ẹ̀wà tí wọ́n sè fọ́), chana masala (ọbẹ̀ chickpea, ẹ̀wà róbótó kan), ìrẹsì oníkúmínì, raita (yógọ́ọ̀tì àti kùkúńbà), àti chapati, kẹ́ ẹ wá fi tíì pa á. Bí àwọn ará Íńdíà ṣe máa ń to thali náà nìyẹn, àwo ńlá kan tí gbogbo nǹkan á wà nínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í gbé èyí wá kí wọ́n tún lọ gbé ìyẹn. Ó bá ẹ lára mu bẹ́ẹ̀ torí tó o bá ti gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o ò ní dìde mọ́.

Ní ti èròjà, má kó gbogbo ohun tó o bá rí lórí igbá. Kúmínì tí wọn ò tíì lọ̀, kọriáńdà lílọ̀, tọ́mẹ́ríìkì tí àwa ń pè ní atalẹ̀ pupa, ata gbígbẹ lílọ̀, àti garam masala, márùn-ún yẹn ti tó ṣe gbogbo oúnjẹ tí mo kà yìí, yàtọ̀ sí tíì. Lọ rà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ilẹ̀ Íńdíà, nínú ọ̀rá ni wọ́n máa ń rọ ọ́ sí níbẹ̀, ó sì máa ń dínwó ju ti inú ìgò kékeré tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lọ. Garam masala ti jẹ́ àpòpọ̀ èròjà fúnra ẹ̀, ìparí oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, kí òórùn ẹ̀ má bàa lọ. Tó o bá rí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hing, rà á díẹ̀: ó ń rùn gan-an tó bá ṣì wà nínú ike ẹ̀, àmọ́ tó bá kan òróró gbígbóná, ó máa ń ta sánsán bí àlùbọ́sà àti aáyù, ìdí nìyí táwọn tí kì í jẹ àlùbọ́sà fi ń lò ó. Wọ́n máa ń po fúláwà àlìkámà mọ́ ọn o, torí náà ka ẹ̀yìn ike ẹ̀ tẹ́nì kan bá wà tí kì í jẹ àlìkámà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí chana, torí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lo máa ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Rẹ chickpea gbígbẹ tó tó 300 gíráàmù sínú omi púpọ̀, torí ó máa wú tó ìlọ́po méjì, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì da omi yẹn nù, fi omi tuntun sè é títí tó o bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ á fi rọ̀, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó ò bá ráyè, ra ti inú agolo, agolo méjì olójú 400 gíráàmù ti tó, fi omi ṣàn án. Mi ò ní bá ẹ jà, àwọn àlejò ẹ náà ò ní mọ̀.

Ibi tí adùn ẹ̀ wà ni ọbẹ̀, ibẹ̀ ni kó o ti ní sùúrù. Gbé òróró kaná, bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, tó bá gbóná da kúmínì tó kún ṣíbí tíì kan sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàtàpàtà, á sì máa ta sánsán. Da àlùbọ́sà ńlá méjì tó o ti gé wẹ́wẹ́ sí i, dín in títí á fi pọ́n dáadáa. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú, bí àlùbọ́sà bá ṣe ń rọ̀ báyìí ni wọ́n á da tòmátì lé e, ọbẹ̀ á wá máa ṣe bí omi. Fún un ní ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú 15, má lọ jìnnà, máa rò ó. Ó wá kan aáyù àti atalẹ̀ tó o ti gún, ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan fi ìdajì ṣíbí tíì tọ́mẹ́ríìkì, ṣíbí tíì méjì kọriáńdà, ata díẹ̀, kó o sì tètè da tòmátì mẹ́rin tó o ti gé lé e kí èròjà yẹn má bàa jóná. Máa sè é títí tí wàá fi rí i pé òróró ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Tí òróró ò bá tíì yọ, kò tíì jinná, kò sí àlàyé míì. Da chickpea sí i, omi kọ́ọ̀pù kan, iyọ̀, kó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú, fi ṣíbí igi tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ fọ́ kí ọbẹ̀ lè ki, kó o wá fi garam masala ṣíbí tíì kan àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ parí ẹ̀. Tó o bá ti sè é láàárọ̀, ó máa dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́.

Dal kò ní wàhálà. Lo masoor, ẹ̀wà pupa kékeré pẹlẹbẹ tí wọ́n ti bó, torí kì í gba rírẹ, ó sì máa ń jinná láàárín 20 sí 25 ìṣẹ́jú. Kọ́ọ̀pù méjì, fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, da omi kọ́ọ̀pù mẹ́fà sí méje sí i, ìdajì ṣíbí tíì tọ́mẹ́ríìkì, sè é, máa bu ìfófòó orí ẹ̀ nù, tó bá ti fọ́ tán fi iyọ̀ sí i. Ó máa tẹ́ lẹ́nu, má bẹ̀rù. Tadka ló máa gbà á là, ìyẹn òróró tàbí ghee gbígbóná tó o fi dín kúmínì, aáyù tó o gé pẹlẹbẹ, àti odidi ata gbígbẹ méjì, tí aáyù bá ti ń pọ́n báyìí kí o da gbogbo ẹ̀ gbúú sórí dal, á han ṣàà, gbogbo ilé á gbọ́ òórùn ẹ̀. Má ṣe èyí káwọn àlejò tó dé! Jẹ́ kí wọ́n dúró tì ẹ́ nígbà tó o bá fẹ́ dà á, gbogbo wọn ló máa ń sún mọ́ ọn wá wò ó, kó o sì kọ́kọ́ bu ti ọmọdé sọ́tọ̀ kí ata tó kàn án.

Ṣí fèrèsé ṣáájú o. Èéfín òróró gbígbóná lè mú kí aláàmù èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wàá wá pàdé gbogbo ará ilé pátá, títí kan àwọn tó ò pè.

Ìrẹsì, basmati ni kó o lò, ìrẹsì tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó ń ta sánsán, kọ́ọ̀pù méjì ààbọ̀ tó èèyàn mẹ́fà tí wọ́n tún máa jẹ chapati. Fọ̀ ọ́, rẹ ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú, sẹ́ omi ẹ̀, dín kúmínì nínú òróró díẹ̀, da ìrẹsì sí i, kọ́ọ̀pù ìrẹsì kan sí kọ́ọ̀pù omi kan ààbọ̀, iyọ̀, tó bá ti hó, dé e, dín iná kù pátápátá fún ìṣẹ́jú 12, pa iná, má ṣí i fún ìṣẹ́jú 10. Raita ò lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún: yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, kùkúńbà tó o rin tó o sì fún omi ẹ̀ dànù, iyọ̀, àti kúmínì tó o yan gbẹ kó o tó gún un. Ó tán.

Chapati, ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe é ni atta, odidi àlìkámà tí wọ́n lọ̀ kúnná. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta, iyọ̀ díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bíi kọ́ọ̀pù kan, o lè fi díẹ̀ kún un, máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, pò ó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ títí á fi rọ̀ bí etí èèyàn. Fi aṣọ tútù bò ó kó sinmi fún 30 ìṣẹ́jú. Èyí nìkan ni kó o ṣe sílẹ̀ dè wọ́n, má yí ìkankan nínú ẹ̀!

Tí wọ́n bá wọlé, ojú á máa ti gbogbo wọn díẹ̀, ọwọ́ ò mọbi tó máa wà, àwọn kan á ti mú fóònù jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni kó o sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ràn mí lọ́wọ́, mi ò tíì ṣe chapati.” Ẹni kan á máa gé ìyẹ̀fun sí róbótó-róbótó bí ẹyin kékeré, èyí tó o pò yẹn á fún ẹ ní méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni kan á máa fi igi yí i pẹrẹsẹ, tí igi ò bá sí ìgò tó mọ́ á ṣe é, ìwọ wà nídìí iná. Ti ẹni àkọ́kọ́ kì í rí róbótó láyé, á rí bíi máàpù orílẹ̀-èdè kan, wọ́n á máa jiyàn lórí orílẹ̀-èdè wo ni. Jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Má gba igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kò ṣe é dáa. Màmá àgbàlagbà tó máa ń dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ọwọ́ ẹ̀ lè mọ́ ìyẹ̀fun ju ti gbogbo yín lọ, òun ló máa wá dọ̀gá.

Páànù gbígbẹ tó gbóná gan-an ni, má da òróró sí i. Gbé chapati sí i, tó bá ti ń yọ róro yí i padà, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná fi aṣọ mímọ́ tẹ etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tó wà nínú ẹ̀ á di oru, oru yẹn á wá ọ̀nà jáde, kò ní rí, á wá wú bí bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó máa rí i kó má pariwo, mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó pàtẹ́wọ́ fún chapati. Èyí tí kò bá wú náà máa dùn. Máa kó wọn sínú aṣọ kó má bàa le.

Ibi tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti jọ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun ò tún lè máa ṣe bí àlejò nídìí tábìlì.

Nídìí oúnjẹ

Gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí kálukú bu tiẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Íńdíà, kéèyàn já chapati fi kó ọbẹ̀, àmọ́ kó ṣíbí sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á mú un. Kó o bàa lè mọ̀, chapati ló pọ̀ jù lápá àríwá Íńdíà níbi tí àlìkámà ti ń ṣe dáadáa, ìrẹsì ló pọ̀ jù lápá gúúsù, torí náà kò sẹ́ni tó lè ní oúnjẹ tó o sè yìí nìkan ni oúnjẹ Íńdíà. Tó ò bá kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, tẹ́nì kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ibẹ̀, má ṣe olùkọ́ fún un. Bi í léèrè bí ìyá ẹ̀ ṣe ń ṣe dal tiẹ̀. Á tún tìẹ ṣe níwájú gbogbo èèyàn, gbà á bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ á dùn ju bó o ṣe rò lọ.

Tí ata bá ta ẹnì kan, má gbé omi fún un. Capsaicin tó ń mú kí ata máa ta kì í yòrò nínú omi, omi kàn máa ń gbé e káàkiri ẹnu ni. Raita ni kó jẹ, tàbí kó mu wàrà. Ìyẹn náà lè dọ̀rọ̀ o, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ata ò sí ní Íńdíà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Pọtogí tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí Vasco da Gama, atukọ̀ wọn, ti dé Calicut ní etíkun Íńdíà lọ́dún 1498 ló gbé e dé ibẹ̀, tòmátì àti ọ̀dùnkún náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Mo fẹ́ràn kí n máa sọ ìtàn yìí torí ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé kí ni wọ́n wá fi ń se ọbẹ̀ nígbà yẹn, black pepper, tó jọ iyẹ̀rẹ̀ tiwa, àti atalẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Má ṣe fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ṣé ẹ ti gbéyàwó, ẹ̀ẹ́lòó lẹ̀ ń san fún yàrá yín, fi wọ́n sílẹ̀. Béèrè nǹkan tí wọ́n mọ̀ tí ìwọ ò mọ̀ nípa ilé yẹn: ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń kó ìdọ̀tí, ta lèèyàn ń pè tí páìpù bá ń jò, ta ló ti ń gbé yàrá ẹ kó o tó dé. Kò sí ará ilé tó pẹ́ níbì kan tí kò ní ìtàn láńlọ́ọ̀dù, tẹ́nì kan bá ti sọ tiẹ̀, ẹlòmíì á ní tòun ṣì kéré, ìwọ á wá jókòó gbọ́. Iṣẹ́ ẹ ti tán nìyẹn fún bíi wákàtí kan.

Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fọ àwo, jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ ni pé àlejò kì í fọwo, àmọ́ nídìí síǹkì lẹni tí ò sọ̀rọ̀ ní tábìlì ti máa ń sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ti ń nu àwo gbé tíì kaná. Omi kọ́ọ̀pù mẹ́ta, atalẹ̀ tó o fọ́, hóró cardamom (èròjà olóòórùn dídùn kan) mẹ́rin márùn-ún tó o tẹ̀, kó hó dáadáa, da ewé tíì dúdú ṣíbí ìjẹun méjì sí i, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì da wàrà kọ́ọ̀pù mẹ́ta sí i, ṣúgà, dúró tì í torí ó máa fẹ́ ru dànù, sẹ́ ẹ, ó yá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn tíì, má dá a dúró. Ó máa tún wá tó o bá jẹ́ kó lọ lásìkò.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ìrẹsì tó ṣẹ́ kù, má jẹ́ kó wà níta kọjá wákàtí méjì, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ṣì ń ṣeré lọ́wọ́, tètè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó tutù, kó o gbé e sí fíríìjì. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, ooru ìsèsè kì í pa á tán, á máa pọ̀ sí i nínú ìrẹsì tó bá wà níta, oró tó máa ń ṣe sílẹ̀ yẹn kì í kúrò tó o bá tún un gbé kaná. Ìwọ ò ní fẹ́ kó jẹ́ pé inú rírun ni wọ́n fi máa rántí ẹ.

Bu chana tó ṣẹ́ kù fún ẹni tí kò ráyè wá. Gbé e lọ fún un lọ́jọ́ kejì, bó o bá ti ń dá àga àti ìkòkò padà. Fọ ìkòkò yẹn dáadáa o. Tí tọ́mẹ́ríìkì bá ti pa ike oníke láró, ọṣẹ ò ní mú un kúrò, ṣùgbọ́n sá a sóòrùn, àwọ̀ yẹn á ṣí díẹ̀díẹ̀. Tọ́rọ̀ ìdánwò bá ń bọ̀, sọ fún wọn ní gbangba pé o máa wọlé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí wọ́n má rò pé o ti ń yẹra fún wọn.

Má tètè ṣí gúrúùpù WhatsApp. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń kà á, bí ẹ bá ṣe ń pàdé lórí àtẹ̀gùn yẹn ti tó ná. Ẹni tó bá ní òun náà fẹ́ se tòun, gbà fún un ojú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ọjọ́, kó o sì lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tó ò jẹ rí. Tó bá ní oúnjẹ Íńdíà náà lòun fẹ́ dán wò, tó sì mú rajma, ìyẹn ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín, sọ èyí fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: kó rẹ ẹ́ fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, kó da omi yẹn nù, kó fi omi míì sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10 kó tó dín iná kù, torí oró kan wà nínú ẹ̀ tó ṣì tútù, ẹ̀rọ ìdáná tó máa ń sè é díẹ̀díẹ̀ kì í gbóná tó láti pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọbẹ̀ chana tí mo ṣàlàyé lókè yìí náà ló máa sè fún un, ẹ̀wà nìkan ló yí padà, o sì lè yá a ní kúmínì.